Bí A Ṣe Ń Fi Ìró Àdìrẹ Àtijọ́ Ṣe Kúìlìtì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nílé wa, inú àpótí onírin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ni àkísà náà wà: ìró àdìrẹ mẹ́fà tí Màmá Àgbà ró nígbà ayé wọn, tó ti ya níbi tí wọ́n fi ń jókòó, tí etí rẹ̀ sì ti gbó níbi tí wọ́n ti ń so ó. Kò ṣeé ró mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè kó o dànù. Ọdọọdún ni ìyá mi ń kó wọn síta, tí wọ́n ń nà wọ́n sí atẹ́gùn, tí wọ́n sì ń ká wọn padà. Ọ̀nà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fi lè jáde nínú àpótí, kí ọmọ-ọmọ máa fi bora sùn, ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Kúìlìtì ni mò ń wí. Aṣọ ìbora onípele mẹ́ta ni. Ègé aṣọ tí a rán pọ̀ ló wà lókè, òwú tàbí aṣọ tó nípọn wà láàárín, aṣọ kan gbalaja wà lẹ́yìn. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọ́n má baà máa yẹ̀ lórí ara wọn. Orúkọ yẹn lè jẹ́ ti Òyìnbó, àmọ́ ríran ègé mọ́ ègé kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: aṣọ olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ àtijọ́, etí rẹ̀ onígun mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní ìgbàlà, tí àwọn ọmọ ilé sì ń fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ti ń yí po. Àwọn tó rán ìyẹn mọ ohun tó wà nínú kí aṣọ ẹni tó ti lọ wà lára aṣọ ẹni tó wà.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ mú dání kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, ti pín ara rẹ̀ sí àpótí-àpótí kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ tẹ́ Ìbàdàndùn, ọ̀kan lára àwọn àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ, sílẹ̀, ẹ ó rí i: àpótí onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ilà láàárín wọn, òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn lọ́dún 1929 nínú ọ̀kan, ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Obìnrin tó yà á ti fi ibi tí a lè gé hàn wá. Kúìlìtì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ìwọ̀n tí mo rí nínú fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà ni mo tẹ̀ lé. Mo gé ìró kan sí íńṣì mẹ́fà-mẹ́fà láìwo ohun tí wọ́n yà sí i. Orí ẹyẹ bọ́ sí ìlà kejì, ìrù rẹ̀ bọ́ sí ìlà karùn-ún. Ó bora dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá mi wò ó títí, wọn ò mọ ìró tó jẹ́ mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwọ̀n tí mo máa fún yín nísàlẹ̀ yìí fi jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ lé àwòrán, tí kì í fi agídí gé e.

Ẹ mọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo aṣọ aláró ni ìwà rẹ̀ dọ́gba lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Àdìrẹ oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èso sínú aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ìdì yẹn ló ń fún wa ní òrùka funfun, ńlá àti kékeré, bíi ti Oṣù Bàmbá tó rí bí òṣùpá láàárín ìràwọ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì bára dọ́gba. Bí iwájú bá ti ṣá, ẹ yí i padà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá aṣọ tó ṣì dúdú lẹ́yìn.

Ti alábẹ́rẹ́, òwú ni wọ́n fi rán an jọ tí wọ́n sì fà á le kó tó wọ aró, tí wọ́n wá tú òwú náà lẹ́yìn tó gbẹ. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ihò wẹ́wẹ́ níbi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá, nígbà mìíràn ẹ ó rí ibi tí abẹ tí wọ́n fi tú u ti gé fọ́nrán aṣọ gan-an. Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ya. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn télọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú kọ́là ni kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e.

Ti ẹlẹ́kọ, láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni wọ́n ń yà sójú aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ráyè wọlé dáadáa. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin ló ń fi ìyẹ́ adìẹ ya tiwọn. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ rá a lórí. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ ń wà, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú ju iwájú lọ, àwòrán kì í sì í hàn dáadáa níbẹ̀. Ó ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀yìn gbogbo ègé tẹ́ ẹ bá gé, torí lálẹ́ lábẹ́ iná, ojú àti ẹ̀yìn lè jọra.

Ohun kan náà yìí lẹ máa fi mọ ayédèrú lọ́jà. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lójú, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, nígbà tí ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń dúdú. Ẹ tún wo àwòrán rẹ̀: ewé kan náà á máa padà wá láìyàtọ̀ ní bíńtín, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn kì í ya ewé méjì kó rí bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè lò ó, àmọ́ kó má san owó àdìrẹ lé e.

Kámpálà tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe ní wàhálà tirẹ̀. Àbẹ́là máa ń ṣẹ́ kù sínú aṣọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ẹ fi aṣọ náà sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, ẹ máa pààrọ̀ ìwé títí kò fi ní mu epo mọ́.

Etù náà ńkọ́, aṣọ òfì aláró tó dúdú bí òru? Ọ̀já tó fẹ̀ tó bí íńṣì mẹ́rin ni wọ́n rán mọ́ ara wọn tó fi di odidi. Ẹ má gé e. Ẹ tú ìrán tó wà láàárín ọ̀já àti ọ̀já, ẹ ó sì ní ọ̀já gígùn tí etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ híhun, tí kò lè tú. Ó nípọn jù fún àárín kúìlìtì. Ibi etí ló yẹ ẹ́.

Aró àti omi

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi aró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kúìlìtì ti ń bàjẹ́.

Ewé ẹ̀lú tútù ni aláró ń gún, tó ń ṣù ní roboto, tó sì ń sá gbẹ. Fún omi eérú, ìkòkò méjì ló ń tò léra: ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún un, omi tí wọ́n bá dà sí i á máa kán tó-tó-tó sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni ẹ̀lú ń lọ, wọ́n á bò ó, á sì máa kan fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ á fi gba àgbàlá. Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, làwọn aláró ayé àtijọ́ ń bẹ̀ kí ìkòkò má bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò, bí ewé ló máa ń rí. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún nà á sí atẹ́gùn, lọ́pọ̀ ìgbà, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin ni pé, tí atẹ́gùn bá ti kan aró, kì í yọ́ nínú omi mọ́. Ó kàn jókòó sára fọ́nrán òwú ni, ìpele lórí ìpele. Èyí tó wà lókè pátápátá kò dúró ṣinṣin, òun ló ń kun ọwọ́, òun ló sì ń kun aṣọ funfun tó bá wà nítòsí. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ da iyọ̀ sómi, àwọn mìíràn á ní fínígà. Kò sí èyí tó lè so aró mọ́ aṣọ nínú méjèèjì. Ẹ fọ̀ ọ́ ni, kí èyí tó máa kúrò ti kúrò kó tó pàdé aṣọ mìíràn.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ rèé. Mo kọ́kọ́ ń rẹ aṣọ sínú omi tútù mọ́júmọ́, pàápàá ẹlẹ́kọ, kí ẹ̀kọ tó bá kù lára rẹ̀ lè rọ̀. Èyí tó bá lẹ̀, mo ń fi èékánná tàbí ṣíbí onígi ha á pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má fi ẹ̀kọ sílẹ̀ níbẹ̀ o, oúnjẹ kòkòrò ni. Inú kúìlìtì ni kòkòrò náà á ti máa jẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ díẹ̀. Háípò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá, ó ń pa aró run tí kò sì sí àtúnṣe. Aṣọ tuntun tí wọ́n fi kẹ́míkà, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì, rẹ náà ń fẹ́ omi púpọ̀, kí sódà tó bá kù nínú rẹ̀ má baà máa jẹ ara. Aṣọ tó ti gbó, ẹ má fún un. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e kó mu omi, kẹ́ ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji. Oòrùn ń jẹ aró.

Tó bá gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tútù ra á lójú. Bí funfun yẹn bá gbà á díẹ̀, kò burú; bí ó bá dúdú kirikiri, ẹ padà sídìí omi.

Ohun kan wà tí fífọ̀ yìí ń mú lọ tó máa ń dùn mí: dídán. Àwọn aṣọ àtijọ́ tí wọ́n fi igi lù lórí ìtì igi máa ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Omi á kó ìyẹn lọ. Bí ẹ bá ní ìró kan tí kò tíì fọwọ́ kan omi rí, tó ṣì ń dán, tí kò ya níbì kankan, ẹ má fi ṣe kúìlìtì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà àti ìwọ̀n rẹ̀

Kúìlìtì tí mo fẹ́ ká jọ ṣe fẹ̀ ní íńṣì 48, ó gùn ní 60. Ó tó fún ọmọ láti fi bora, ó tó fún àgbàlagbà láti tẹ́ sí itan. Búlọ́ọ̀kù ogún ni, ìyẹn àpótí onígun mẹ́rin tí a máa rán mọ́ ara wọn, mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ íńṣì 12 lẹ́yìn tó bá ti rán tán. Nínú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, àpótí àdìrẹ kan á wà láàárín, ọ̀já aṣọ mìíràn á sì yí i ká bí férémù ti ń yí fọ́tò ká.

Ọ̀pá kan àdìrẹ tó fẹ̀ ní íńṣì 36 á fún yín ní ègé 16 tó jẹ́ íńṣì 8½, bí ẹ bá gé e láìbojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ń tẹ̀ lé àwòrán kò ní rí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ múra ọ̀pá méjì sílẹ̀, tàbí ìró mẹ́ta-mẹ́rin tó ti ya. Fún ọ̀já férémù, ọ̀pá méjì aṣọ òwú tó fẹ̀ ní íńṣì 45. Fún ẹ̀yìn, ọ̀pá mẹ́ta àbọ̀. Fún ìgbátí, ìyẹn ọ̀já tí a ó fi bo etí kúìlìtì yíká, ààbọ̀ ọ̀pá. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú, gbogbo rẹ̀ lẹ sì máa fọ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, kó baà lè sún kì ṣáájú.

Àwọ̀ wo ni kí ọ̀já náà jẹ́? Funfun ni mo fẹ́ràn. Agbe ló laró, lékeléke ló lẹfun. Ojú kì í sú láti wo àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí aró yín bá ṣì ń kun nǹkan lẹ́yìn gbogbo fífọ̀, aró fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí àwọ̀ erùpẹ̀ ló dára jù.

Òwú àárín sinmi lórí ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó ra òwú tó ki kò ní lo kúìlìtì rẹ̀ ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Kó fi aṣọ ìbora olówùú àtijọ́ kan sáàárín, á sì máa lò ó yípo ọdún. Ẹni tó wà ní London tàbí Chicago lè ra òwú títẹ́ tí àwọn tó ń ṣe kúìlìtì ń lò. Ẹ má lo òwú àràbà tí wọ́n ń dì sí ìrọ̀rí. Kò dì mọ́ ara, bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ti kó jọ sí igun kan.

Lẹ́yìn ìyẹn: téèpù, ṣọ́ọ̀kì funfun, rúlà gígùn, sísọ́ọ̀sì tí kì í gé ìwé, píìnì, áyọ́ọ̀nù, òwú ìránṣọ, àti páálí kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi máṣíìnì rán an, abẹ́rẹ́ oní-90 ló lágbára fún gínní. Oní-80 tó fún aṣọ tó fẹ́lẹ́.

Fèrèsé páálí

Níbí ni mo ti ń lo àkókò jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti lò ó.

Ẹ gé páálí ní íńṣì 8½ lórígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láàárín rẹ̀, ẹ gé ihò tó jẹ́ íńṣì 8, kí etí tó kù jẹ́ ìdámẹ́rin íńṣì yíká. Ó ti di fèrèsé. Ohun tó bá hàn nínú fèrèsé ni yóò hàn nínú kúìlìtì. Etí páálí ni ibi tí ìrán yóò gbé mì. Bí páálí náà bá ń ká kò nítorí pé etí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ le.

Ẹ tẹ́ ìró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ láàárín, bí ọ̀pọ̀ ìró àdìrẹ ti rí, ẹ tú ìrán náà, ẹ má gé e. Ẹ wá máa gbé fèrèsé kiri orí rẹ̀. Ẹ gbé e sórí òpó Màpó, ẹ wò ó. Ẹ yí i sórí ṣíbí. Ẹ jẹ́ kí àpótí tí obìnrin yẹn yà wọ inú fèrèsé pẹ̀lú ilà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ó bá ṣeé ṣe. Fún oníko, ẹ jẹ́ kí òrùka ńlá wà láàárín gbùngbùn, ìràwọ̀ á tò sí igun fúnra wọn. Ibi tó ti ya, ẹ fò ó. Ibi tó ti ṣá lásán láìya, ẹ mú un. Ọ̀kan tó ṣá láàárín méjì tó dúdú máa ń tàn bí ẹni pé iná wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí àpótí inú àwòrán bá tóbi ju fèrèsé lọ ńkọ́? Ẹ má gé òun kúrú, ọ̀já ni kẹ́ ẹ dín. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ parí sí 12. Ẹ yọ ìwọ̀n àwòrán yín kúrò nínú 12, ẹ pín èyí tó kù sí méjì, ẹ fi ààbọ̀ íńṣì kún un fún ìrán. Àwòrán íńṣì 8: ó ku 4, ìdajì rẹ̀ 2, ọ̀já á jẹ́ 2½. Àwòrán íńṣì 9: ọ̀já 2. Àwòrán íńṣì 10: ọ̀já 1½. Ẹ gé páálí tuntun fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ogún búlọ́ọ̀kù tí férémù wọn kò fẹ̀ dọ́gba kò ba nǹkan jẹ́, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kí ojú rìn.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé etí ìta páálí, kẹ́ ẹ sì gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ká aṣọ sí méjì kẹ́ ẹ gé e pọ̀, àwòrán abẹ́ á ti yẹ̀.

Férémù

Gé ọ̀já funfun sí íńṣì 2½ láti etí dé etí aṣọ tó fẹ̀ ní 45. Ọ̀já kan tó fún búlọ́ọ̀kù kan gẹ́lẹ́: ègé 8½ méjì, ègé 12½ méjì, àpapọ̀ rẹ̀ 42. Ọ̀já ogún ni ẹ nílò.

Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ pẹpẹ máṣíìnì ní ìdámẹ́rin íńṣì sí abẹ́rẹ́, kí etí aṣọ máa fara tì í. Bí ìrán yín bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba irun orí lásán, ní ogún búlọ́ọ̀kù ó ti di íńṣì. Ẹ rán ègé 8½ mọ́ ọ̀tún àti òsì àdìrẹ, ojú kọ ojú. Ẹ lọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ tó wá rán ègé 12½ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ tún lọ̀ ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ tẹ etí ìrán sí ìhà àdìrẹ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí ìhà funfun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á máa hàn lábẹ́ funfun bí ìdọ̀tí. Ẹ tẹ́ àkísà sórí tábìlì ìlọṣọ, ẹ sì máa nu ọwọ́, aró á kun ìka yín, kò sí bí kò ṣe ní kùn ún.

Ẹ wọn búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan: 12½ ni. Èyí tí kò bá pé, ẹ tú u nísinsìnyí.

Títò

Ẹ tò ogún rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó dúdú jù kò gbọdọ̀ kó jọ sí apá kan. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ibi tó ti wúwo jù á yọ sí yín kíá. Ẹ pe ẹni tó mọ àwọn aṣọ náà wá wò ó. Nílé wa, ìyá mi ló yí búlọ́ọ̀kù méjì padà, torí pé wọ́n rántí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra aṣọ méjèèjì ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kò sì yẹ kí wọ́n jìnnà síra.

Ẹ rán búlọ́ọ̀kù mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ di ìlà, ìlà márùn-ún. Ẹ tẹ etí ìrán ìlà kìíní sí ọ̀tún, ti èkejì sí òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè há mọ́ra nígbà tí ìlà bá ń pàdé ìlà. Lẹ́yìn náà ẹ rán ìlà mọ́ ìlà.

Pípele

Ẹ gé aṣọ ẹ̀yìn sí méjì, íńṣì 56 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rán wọn pọ̀ létí gígùn, kẹ́ ẹ sì gé e kù sí 56 ní 68, kí íńṣì mẹ́rin lè yọ yíká. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kó nà, ṣùgbọ́n kó má fà. Òwú àárín lé e. Òkè lé e, ojú rẹ̀ sí yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nà án láti àárín lọ sí etí.

Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú àwọ̀ mìíràn rán an fìdíhẹ, ìgbésẹ̀ gígùn-gígùn, láti àárín bọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà kan sí èkejì bí íńṣì mẹ́rin. Píìnì oníkọ́kọ́rọ́ náà ṣe é. Ẹni tó bá fi eléyìí ṣe eré, ẹ̀yìn kúìlìtì rẹ̀ á ká kò bí ojú arúgbó.

Ìrán tó ń gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já

Ẹ tẹ̀ lé funfun. Ibi tí ẹ̀kọ tàbí ìko ti dá aró dúró, ibẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ gbà: yí òpó ká, yí ewé ká, yí òṣùpá ká. Kò sí pé a ń fa ilà tuntun lórí iṣẹ́ obìnrin yẹn. Ilà rẹ̀ la tún ń rìn. Bí ẹ bá sì ti rí àdìrẹ alábẹ́rẹ́ nígbà tí òwú ṣì wà lára rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ìrán kan náà ni, abẹ́rẹ́ wọlé, abẹ́rẹ́ jáde, ní ìlà tó dọ́gba.

Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe tèmi. Abẹ́rẹ́ kúkúrú, òwú tó lágbára tó gùn tó apá kan, kókó kékeré tí ẹ ó fà wọ inú òwú àárín kó má hàn. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà nínú íńṣì kan dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, mẹ́jọ fún ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Kó dọ́gba ṣe pàtàkì ju kó kéré lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti búlọ́ọ̀kù àárín, ẹ máa lọ síta. Àdìrẹ tí wọ́n ti rẹ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń le, ó lè gún ìka. Ẹ wá ìbọ̀ka onírin. Máṣíìnì náà ń ṣe é, bí ẹ bá fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ sí 2.5 tí ẹ kò sì sáré.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó tó: ẹ gbé ìkúùkù lé ibikíbi lórí rẹ̀. Bí ìkúùkù bá wà níbi tí kò ti kan ìrán kankan, ẹ fi ìlà kan kún un níbẹ̀, férémù funfun náà kò yọ sílẹ̀.

Ìgbátí

Ẹ gé ìyọkù òwú àti aṣọ ẹ̀yìn kó bá òkè dọ́gba. Ọ̀já mẹ́fà tó jẹ́ íńṣì 2½ ni ìgbátí, ẹ so wọ́n pọ̀ ní ìrán tó lọ láti igun dé igun kí oríkèé wọn má nípọn síbì kan, ẹ ká a sí méjì ní gígùn rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ fi etí rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ kọ etí kúìlìtì lójú òkè, kẹ́ ẹ máa rán lọ. Tó bá ku ìdámẹ́rin íńṣì kẹ́ ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ gé òwú. Ẹ ká ìgbátí sókè kó dúró gangan, ẹ tún dá a padà sílẹ̀ lé ara rẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti etí. Igun náà á jáde mímú. Nígbà tẹ́ ẹ bá yí i ká tán, ẹ yí ìgbátí sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀. Ìgbátí àdìrẹ dúdú ló bá férémù funfun mu jù, ó sì ń gba ìdọ̀tí mọ́ra, torí ibi tí ọwọ́ ń dì mú nìyẹn.

Títọ́jú rẹ̀

Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, òun nìkan nínú bàsíà. Bí funfun bá gba aró díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tún un fọ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Aró tí kò yọ́ nínú omi yẹn kàn dúró lórí rẹ̀ ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kẹ́ ẹ sì máa yí ibi tí ẹ ti ká a padà ní oṣù mélòó kan kí aṣọ àtijọ́ má baà já lójú ìká.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ gé aṣọ funfun kékeré kan, ẹ kọ orúkọ àwòrán tó wà níbẹ̀ sí i, àti orúkọ ẹni tó ni ìró, kẹ́ ẹ fi òwú rán ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì rán aṣọ náà mọ́ igun ẹ̀yìn. Sí ti wa, mo kọ Ìbàdàndùn, mo kọ oríkì Màmá Àgbà, mo kọ ọdún tí mo parí rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún orúkọ ẹni tó bá máa tún un rán.